Bàbá, Ẹ Má Tíì Gun Ọ̀kadà Káyọ̀dé

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ulé, ẹ kú uṣẹ́, bí a ṣe ń kí ara wa ní Ìlógbò, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tí mo lè kí bẹ́ẹ̀ tí á sì dá mi lóhùn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín gbalaja, àyà mi kanlẹ̀. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ìfaradà, nítorí mo mọ̀ pé èmi àti Bàbá ti fi yín sáàárín, ọ̀rọ̀ tó bá sì ti ọ̀dọ̀ ẹnìkan wá, orí yín ló ń kọ́kọ́ bà. Ẹ má bínú sí mi. Káyọ̀dé, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ, màá sì sọ ìdí rẹ̀ kí n tó parí.

Àwọn tó bá bá wa ka lẹ́tà yìí á máa bi ara wọn pé irú ọmọ wo ló ń kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹjọ́ mi kọ́. Bàbá mi kì í gbé fóònù mi mọ́. Bí mo bá pe Ìyá, Ìyá á ní wọ́n wà nínú àgbẹ̀dẹ. Bí mo bá pe Káyọ̀dé, Káyọ̀dé á ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí orúnkún ń dùn, ibo ló ń jáde lọ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá pè? Mo wá rò ó pé ìwé ìròyìn kì í ṣe fóònù, kò sí ibi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́ pa. Bàbá, ẹ forí jì mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé fi pamọ́ dìgbà tí inú yín bá rọ̀.

Ara mi le, a dúpẹ́. Iṣẹ́ ń lọ. Ìgbà òtútù Kánádà tí mo ń sọ fún yín ti kọjá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, mo sì ti rò pé màá rí oòrùn yá. Àṣé igbó ló fẹ́ jó. Igbó ńlá kan tó wà lápá òkè wa lọ́hùn-ún ló gbiná, kò sì tíì sẹ́ni tó rí i pa. Èéfín ti bo ìlú wa mọ́lẹ̀. Oòrùn pọ́n bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀yinná yín, ọ̀sán gangan làwọn ọkọ̀ ń tan iná rìn. Wọ́n ní kí a má ṣí fèrèsé. Mo jókòó sínú yàrá, mò ń gbóòórùn iná tí n kò rí. Nílé, bí a bá gbóòórùn iná, ṣe là ń jáde lọ wo ibi tó ti ń jó. Níbí, ilẹ̀kùn ni wọ́n ní ká tì.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òkèèrè dùn, ẹ bi í léèrè ẹni tó ń bá a jẹun. Èmi nìkan ni mò ń se ọbẹ̀ mi, èmi nìkan ni mò ń sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, èmi náà ni mò ń dá ara mi lóhùn pé tí kò bá wù mí kí n gbé e dànù. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jáde bó ṣe ń wọlé. Inú mi dùn pé èyí tí mo fi ránṣẹ́ ti di páànù lórí ilé, Ìyá sì sọ fún mi pé òjò ọdún yìí kò bá yín lórí ibùsùn. Apá kejì owó náà ni Káyọ̀dé fi ra ẹ̀rọ ìjórin. Èmi ni mo ní kó rà á. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò gbàgbé ìyẹn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bó ṣe yẹ rí. Ọ̀gá mi, bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Wọ́tà, ní ṣọ́ọ̀bù kan létí ìlú. Ọ̀kadà ni a ń fọwọ́ rọ níbẹ̀. Kì í ṣe pé a ń tún un ṣe o, a ń rọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, bí ẹ̀yin náà ṣe ń rọ àdá. Irú èyí tí a ń rọ ni wọ́n ń pè ní ṣọ́pà. Ọ̀kadà gígùn ni, ìjókòó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ga débi pé ẹni tó gùn ún á na apá sókè bí ẹni tó fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì nà jáde, ẹ ó rò pé táyà iwájú fẹ́ fi ìyókù sílẹ̀ lọ ni. Kò wúlò fún nǹkan kan. Kò lè ru iṣu, kò lè ru èrò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń kọjá, gbogbo ènìyàn ló ń dúró wò ó.

Bí oníbàárà bá dé, Wọ́tà á kọ́kọ́ ní kó jókòó sórí àpótí. Á wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, á wọn apá rẹ̀, á bi í bóyá ẹ̀yìn ń dùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó mú páìpù. A ó fi iná rọ̀ ọ́, a ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́ ara pákó tí a ti gé sílẹ̀ de e, a ó fi fáìlì ha ẹnu rẹ̀ títí páìpù kan á fi gbá èkejì mú tí ìmọ́lẹ̀ kò ní rí àárín wọn kọjá. Táǹkì epo, irin pẹlẹbẹ la máa ń lù, lórí àpò tó kún fún yanrìn, títí á fi yọ ikùn. Ìgbà tí mo bá ń lu táǹkì, mo máa ń gbọ́ ìró ọmọ owú yín, òòlù inú àgbẹ̀dẹ, létí mi. Ìgbà yẹn nìkan ni n kì í rántí pé mo jìnnà sílé.

Ṣùgbọ́n ẹwà ni gbogbo ìyẹn. Ibi tí ẹ̀mí ènìyàn wà lára ọ̀kadà ni ọrùn, irin kúkúrú tó so ara rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, níbi tí ọwọ́ ti ń yí. Àwọn ọ̀kadà tó ń ná Ìdó sí Ọyẹ́, ọrùn wọn nàró. Bí wọ́n bá bọ́ sí kòtò, gbogbo ara ló ń bá ọrùn pín in. Ti ṣọ́pà kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ẹsẹ̀ iwájú ti nà jìnnà, ọrùn nìkan ló ń gba ìyà gbogbo kòtò.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, Wọ́tà fún mi ní irin méjì kí n jó wọn pọ̀ kí ó lè mọ ọwọ́ mi. Mo jó o, ó dán, orí mi wú. Irin náà ṣì pọ́n nígbà tí ọwọ́ mi ti bu omi lé e lórí, n kò tilẹ̀ rò ó. Ẹni tí wọ́n tọ́ nínú àgbẹ̀dẹ, bó bá ti rí irin tó pọ́n, omi ni ojú rẹ̀ á máa wá. Wọ́tà kò bú mi. Ó dúró kí irin náà tutù, ó fún un mọ́ ẹnu fáìsì, irin tó ń di iṣẹ́ mú lórí tábìlì, ó gbé òòlù, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Irin náà kò tẹ̀, ó ṣẹ́. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ń dán wínníwínní bí iyọ̀. Ó wá fi àgbọ̀n júwe ògiri fún mi. Ọrùn ọ̀kadà kan wà níbẹ̀ tó ti ṣẹ́, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Ó ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ti ṣe é, pé wọ́n gbé e wá fún òun lẹ́yìn ìsìnkú ni, àti pé ẹni tó ni ín fẹ́ràn ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń jẹun, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí ògiri yẹn.

Ẹ jẹ́ n padà sílé. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi àwòrán ṣọ́pà ránṣẹ́ sí Káyọ̀dé. Mo fi ń yangàn díẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n tó lọ sókèèrè gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó máa fi han àbúrò. N kò mọ̀ pé ọmọ yín á ní òun náà á rọ tòun. Ẹ mọ Káyọ̀dé, ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọ̀kadà gbé àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù ní Ìdó, tó ń gbé àwọn tó ń ta gaàrí láti Orin, gbogbo ọ̀kadà adúgbò ló sì ń tú, tó ń tò padà. Ó rí ẹ́ńjìnnì àlòkù kan rà ní Ìkọ̀lé. Ó fi páìpù omi ṣe ara. Ọrùn ló ṣòro, kò rí irin tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ̀yin lẹ wá lọ hú irin ṣáfúù lọ́rì àtijọ́ jáde lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ, ẹ ní irin gidi nìyí, irin tí ẹ ti ń fi pamọ́ de ohun tó bá tọ́ sí i. Ìyá sọ fún mi pé ẹ kì í wọlé jẹun ọ̀sán mọ́, pé ẹ̀yin àti Káyọ̀dé ń pariwo ẹ̀rín nínú àgbẹ̀dẹ bí ọ̀dọ́. Inú mi dùn. Mo jowú díẹ̀ pẹ̀lú, kí n má purọ́.

Fídíò tí Káyọ̀dé fi ránṣẹ́ ni mo fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó jó ọrùn náà mọ́ ara, ó ṣe é dáadáa, mo gbà fún un. Ibi tó jó ṣì pọ́n nígbà tí ẹ wọlé pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Ẹ bu omi nínú ọpọ́n àgbẹ̀dẹ, ẹ sì gbàdúrà. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹ ní kí Ògún má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yín rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹ ní iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, iwájú ni Káyọ̀dé á máa lọ. Ẹ wá da omi náà sórí ọrùn ọ̀kadà. Irin ké, ooru funfun bo ojú yín, Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀. Èmi náà níbi tí mo wà, mo ní àṣẹ. Ẹnu mi kò tíì padé tán tí mo fi rántí irin tó ṣẹ́ lábẹ́ òòlù Wọ́tà.

Bàbá, mo mọ ohun tí omi yẹn jẹ́. Ọmọ tí gìrì bá ń gbé, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń gbé e sáré wá, omi yẹn ni wọ́n ń bù sí i lára. Ìyá ti sọ fún mi pé òun ni wọ́n fi wẹ èmi náà nígbà tí wọn ò mọ̀ bóyá màá yè. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, gbogbo wọn ló mọ ojú ọ̀nà àgbẹ̀dẹ wa bí ọmọ bá ti yí ojú padà. N kò sọ pé omi yín kò dára. N kò jẹ́ sọ ọ́. Ohun tí mo sọ ni pé ọrùn ọ̀kadà kì í ṣe ọmọ, kì í sì í ṣe àdá.

Káyọ̀dé ni kò jẹ́ kó dé etí yín bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí inú fi ń bí mi. Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó má gun ọ̀kadà náà, kó gé ọrùn yẹn kúrò, kó wá irin mìíràn jó síbẹ̀, kó sì fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa jíṣẹ́ fún yín, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní omi Bàbá ló ba ọ̀kadà jẹ́. Ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ ò ní ru? Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi mí bóyá òkèèrè ni wọ́n bí mi sí. Ẹ ní kí n dárúkọ ọmọ tí omi náà ti pa. Ẹ ní ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́ nílé onílé ti ń padà bọ̀ wá kọ́ bàbá rẹ̀ bí a ṣe ń dá iná. Mo fẹ́ ṣàlàyé, èmi náà gbóhùn sókè, ẹ mọ ẹni tí mo ti jogún ohùn yẹn. Ẹ pa fóònù. Láti ìgbà yẹn, ohùn yín tó wà nínú fídíò nìkan ni mo ní.

Bó bá jẹ́ pé ó parí síbẹ̀ ni, màá ṣe sùúrù. Àgbà tó bínú, ọmọ á dúró de e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dúró. Káyọ̀dé ti kun ọ̀kadà rẹ̀ ní pupa àti àwọ̀ ewé, ó ti ń gùn ún lọ sí Orin, ó ti ń gùn ún lọ sí Ìdó, àwọn ènìyàn ń yà á ní fọ́tò. Ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀kadà òun ti ń sọ̀rọ̀, pé bí òun bá bọ́ sí kòtò, nǹkan kan á dún kín-ín lọ́rùn rẹ̀, pé ó jọ pé gírísì ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo ní kó wo ibẹ̀ dáadáa. Ó wò ó. Ó ní kò sí nǹkan kan, ọ̀dà ló kàn la ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọrùn ká, bí irun orí, òun sì ti fi ọ̀dà tuntun bò ó. Ní àná, ó sọ fún mi pé ìlà náà ti tún yọ. Ọ̀dà tí wọ́n tà fún òun kò dára, bó ṣe wí nìyẹn.

Bàbá, ọ̀dà kì í dédé là yí ọrùn ká lẹ́ẹ̀mejì. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń la ojú.

Ìyá ló wá sọ èyí tó jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ọdún Ògún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì jókòó sẹ́yìn Káyọ̀dé lọ́jọ́ náà. N kò gbàgbé àṣà ilé wa. Iṣẹ́ tó bá dára jù nínú ohun tí ẹ rọ láàárín ọdún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń gbé e lé èjìká lọ síwájú Ògún, kó lè rí i. Lọ́dún yìí, ọ̀kadà ni, kò ṣeé gbé lé èjìká, ẹ ní ẹ ó gùn ún lọ ni. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ yẹn, àwọn èwe á máa sáré tẹ̀lé yín, Káyọ̀dé á máa fọn fèrè ọ̀kadà. Ìyá ní ẹ ti ra fìlà tuntun. Ó ń sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, èmi ń dáhùn pé ó dára, ó dára. Gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ yẹn ni òjò ti wú, mo mọ̀ ọ́n, kòtò ló kún ibẹ̀. Bí Káyọ̀dé bá tẹ bíréèkì níbẹ̀, ìwúwo ẹ̀yin méjèèjì á rọ́ sórí ọrùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kò sì ní kìlọ̀. Irin tó rọ̀ a máa tẹ̀ kó tó já, ẹni tó gùn ún á mọ̀ pé nǹkan ti ń yí. Irin tó mu omi tí kò padà síná kò mọ títẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú á lọ tirẹ̀, ìyókù á sì forí sọlẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Kò ní sí àyè fún Káyọ̀dé láti ké pè yín. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Ìyá.

Ẹ má sọ pé Wọ́tà ló kọ́ mi ní ìkẹyìn yẹn. Ẹ̀yin ni. Àdá tí ẹ bá ti kì bọ omi, ẹ kì í fi fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Ẹ ó dá a padà síná díẹ̀, ẹ ó máa wò ó títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bí oyin, ẹ ní kí ìbínú rẹ̀ lè rọ̀ ni. Ọrùn ọ̀kadà yìí mu omi. Ta ló dá a padà síná? Mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, ẹ̀yinná yín kò gba odindi ọ̀kadà. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn kí fóònù tó kú.

Nǹkan mìíràn wà. Bí àdá bá ti tutù tán, ẹ ó gbé owú síwájú, irin ńlá tí ẹ ń lu iṣẹ́ lé lórí, ẹ ó sì fi ẹ̀yìn àdá náà lù ú tagbáratagbára lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Mo rántí àgbẹ̀ kan láti Orin tó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má lu àdá òun mọ́, pé ó ti dára bẹ́ẹ̀, pé òjò ń bọ̀. Ẹ ní kó jókòó. Ẹ tún un lù, àdá sì ṣẹ́. Ẹ kò tijú. Ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ẹ sọ fún un pé àdá tó bá ṣẹ́ nínú àgbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ ló pàdánù, ṣùgbọ́n èyí tó bá ṣẹ́ lóko, ẹsẹ̀ olóko ló máa bá a lọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí iṣẹ́ kan tó jáde nínú àgbẹ̀dẹ yẹn tí ẹ kò lù. Ọ̀kadà Káyọ̀dé nìkan lẹ kò lù. Mo ti ro ìdí rẹ̀ títí. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ jù ni, ẹ fẹ́ràn ẹni tí ẹ rọ ọ́ fún, ẹ kò fẹ́ rí i kó ṣẹ́.

Ẹ dákun, Bàbá mi, ẹ lù ú. Kí Káyọ̀dé tú ẹsẹ̀ iwájú kúrò, kó gbé ọrùn náà lé owú, kí ẹ̀yin fúnra yín gbé ọmọ owú, nítorí ọwọ́ Káyọ̀dé á rọ̀ sí i. Ẹ lù ú bí ẹ ṣe lu àdá ará Orin yẹn. Bí kò bá ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn yìí kan náà pé òmùgọ̀ ni ọmọ yín tó wà ní Kánádà, kí gbogbo Èkìtì fi mí rẹ́rìn-ín, màá gé ojú ìwé náà, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mi. Bí ó bá ṣẹ́, ẹ má tilẹ̀ sọ fún mi. Ẹ kàn wá irin tó rọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tún àdúrà yẹn gbà, kí ẹ da omi náà sílẹ̀ níwájú táyà. Ilẹ̀ lẹ máa ń dà á sí fún Ògún tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń gbọ́.

Ẹ̀yin ará Ìdó, ará Orin, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ń dúró de ọ̀kadà lẹ́nu géètì, bí ẹ bá rí ọ̀kadà gígùn kan, pupa àti àwọ̀ ewé, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan na apá sókè lórí rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ má gùn ún. Ẹ dá a dúró. Ẹ ní Dáre ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán yín. Bó bá fẹ́ bínú, kó bínú, èmi àti rẹ̀ á parí rẹ̀ nígbà tí mo bá wálé.

Kí Ẹlẹ́dàá dá yín sí fún mi, Bàbá mi, Ìyá mi. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ, àwa náà ò sì ní fi ọ̀nà òkèèrè gbọ́ ohun tí a kò fẹ́ gbọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará àdúgbò, ẹ kí ẹni tó bá béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè. Wọ́n sọ fún mi níbi ìwé ìròyìn pé àwọn kò lè ṣèlérí ọjọ́ tí lẹ́tà yìí máa jáde, pé ó lè ṣáájú ọdún Ògún, ó sì lè gbẹ̀yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi kẹ́yìn sọ́dọ̀ yín, Alhaji Lásísì, ọ̀rẹ́ Bàbá mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń kà á sókè báyìí, nítorí ojú Bàbá kò ríwèé mọ́, ẹ̀yin lẹ sì máa ń ka ìwé ìròyìn fún wọn bí ẹ bá ti kírun alásárì tán. Bí wọ́n bá wà níwájú yín, tí wọ́n ń bínú, tí wọ́n ní kí ẹ pa ìwé náà dé, ẹ dìde, ẹ di ọwọ́ wọn mú lọ sínú àgbẹ̀dẹ. Bó bá sì jẹ́ pé ọdún ti kọjá kí ìwé tó dé, tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga tó kọjú sí yín, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má kà á fún Ìyá mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Ògúndáre.